Níbo Ni Àwọn Ọmọkùnrin Wa Yóò Sùn Ní Oṣù Kẹjọ?

Nínú ìwé ìrántí irú èyí, ohun tí a sábà máa ń kà ni ìtàn bí a ti ṣe bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn ọ̀gá àgbà tí ó ti kọjá, àti àwọn iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ dáwọ́ lé: gbọ̀ngàn ńlá, kànga ẹlẹ́rọ, ẹnu ọ̀nà tuntun. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára, èmi náà yóò sì mú ọrẹ mi wá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n béèrè ohun kan tí kò sí nínú ètò náà. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ilẹ̀kùn fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, níbo ni àwọn ọmọkùnrin wa yóò sùn, ta ni yóò sì wà pẹ̀lú wọn?

Ẹ lè dá mi lóhùn pé, "Ilé bàbá wọn ni wọn yóò sùn." Òtítọ́ ni ẹ sọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ilé bàbá nìkan kò tó láti sọ ọmọkùnrin di onígbàgbọ́.

Ibi tí n kò fọkàn sí ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ kí ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Júù ni aládùúgbò wọn, ẹni tí kì í fi ìsìn àwọn bàbá rẹ̀ ṣeré. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kẹfà, mo rí òun àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù sínú àpótí ńlá kan ní iwájú ilé. Wọ́n ti lẹ orúkọ ọmọ wọn ọkùnrin mọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀, títí kan ìbọ̀sẹ̀. Ọmọ náà kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. Mo bi bàbá náà bóyá ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé mìíràn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá o, ibùdó àwọn ọmọkùnrin ni ó ń lọ, irú èyí tí àwa ń pè ní káńpù. Ọ̀sẹ̀ méje ni yóò lò níbẹ̀. Kò ní mú fóònù dání. Bí ó bá fẹ́ bá ilé sọ̀rọ̀, yóò jókòó kọ lẹ́tà. Ó ní ibùdó kan náà ni bàbá òun rán òun lọ nígbà tí òun wà ní kékeré. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, mo wo ojú ìyá ọmọ náà, omi ti lé sí i. Omijé yẹn ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe pé wọn kò náání ọmọ náà ni wọ́n fi ń rán an lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé lórí ọ̀ràn yìí, tí mo sì ń béèrè. Nígbà tí ọ̀rúndún tí ó kọjá bẹ̀rẹ̀, àwọn Júù tí ó sá kúrò ní Rọ́ṣíà àti àwọn ilẹ̀ ìlà-oòrùn Yúróòpù fún inúnibíni ń dé sí ìlú New York ní ọ̀pọ̀lọpọ̀. Wọ́n há gádígádí sínú àwọn ilé alágbèékà ní àdúgbò tí a ń pè ní Lower East Side. Àwọn ènìyàn wọn tí ó ti ní lọ́wọ́ wò ó pé àwọn ọmọdékùnrin wọ̀nyí kò rí afẹ́fẹ́ tí ó dára mí sínú, àti pé ìgboro ni ó ń tọ́ wọn. Ní ọdún 1902, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin, orúkọ rẹ̀ ni Surprise Lake Camp. Lẹ́bàá Cold Spring ní òkè odò Hudson ni ó wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Lẹ́yìn èyí ni Hitler dìde, tí a sì pa mílíọ̀nù mẹ́fà Júù ní Yúróòpù. Àwọn tí ó ṣẹ́kù bi ara wọn pé, "Ta ni yóò jẹ́ olùkọ́ àti aṣáájú wa lọ́la?" Ní ọdún 1947, ọdún méjì péré lẹ́yìn ogun, àwọn ẹ̀yà Júù tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn rábì tí a ń pè ní Jewish Theological Seminary ṣí ibùdó Ramah àkọ́kọ́ sí Conover, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ẹ kíyè sí i: nígbà tí ọ̀tá ti pa ìdá mẹ́ta ènìyàn wọn, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ náwó lé ni ibi tí ọmọ yóò máa sùn ní ìgbà ìsinmi.

Kí wá ni àwọn ọmọ ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù títí oòrùn yóò fi wọ̀. Àwọn bíi mẹ́wàá ni ó ń sùn nínú ahéré onípákó kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà ní yunifásítì sì máa ń bá wọn sùn níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti jẹ́ ọmọ ibùdó yẹn rí. Oúnjẹ tí òfin wọn gbà ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, eré yóò dúró. Gbogbo wọn yóò wẹ̀, ọ̀pọ̀ yóò wọ aṣọ funfun, wọn yóò sì fi orin pàdé Ọjọ́ Ìsinmi. A ó súre lórí wáìnì àti ìṣù búrẹ́dì méjì. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí ìràwọ̀ bá yọ, wọn yóò tan àbẹ́là tí a hun bí irun, wọn yóò gbóòórùn èròjà olóòórùn dídùn, kí adùn Ọjọ́ Ìsinmi lè bá wọn wọ ọ̀sẹ̀ tuntun.

Ohun kan wà tí ó wọ̀ mí lọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ. Àwọn Júù ní ọjọ́ ọ̀fọ̀ kan, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Av, tí wọ́n fi ń rántí ìparun Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù, èyí tí àwọn ará Bábílónì ṣe àti èyí tí àwọn ará Róòmù ṣe ní ọdún 70. Oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ ni ọjọ́ yìí sábà máa ń bọ́ sí, nígbà tí ilé-ìwé kò sí. Ọmọ tí kò bá lọ sí ibùdó lè dàgbà láìmọ̀ pé ọjọ́ náà wà. Ṣùgbọ́n ní ibùdó, àwọn ọmọkùnrin tí ó ń pariwo lórí pápá lọ́sàn-án yóò jókòó sórí ilẹ̀ lálẹ́ pẹ̀lú iná kékeré, a ó sì ka ìwé Ẹkún Jeremáyà sí wọn létí. Bàbá wọn kò sí níbẹ̀ tí yóò fi ojú bá wọn wí. Ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó wà lọ́tùn-ún àti lósì, tí òun náà dákẹ́, tí òun náà ń gbọ́.

Ọgbọ́n tí mo rí kọ́ nìyí. Ọmọ tí ó ń gbàdúrà nítorí pé bàbá ń wò ó, ọ̀wọ̀ bàbá ni ó ń ṣe. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ìgbà tí ó bá rí ọmọ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ú lọ, tí ẹni náà kúnlẹ̀ láìsí ẹni tí ó pàṣẹ fún un, ni yóò mọ̀ pé ìgbàgbọ́ kì í ṣe ẹrù àwọn àgbàlagbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo kó àṣà àjèjì wálé. Bíbélì wa kún fún un. Ọlọ́run pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé kí wọ́n máa gbé inú àgọ́ fún ọjọ́ méje lọ́dọọdún, kí ìran tí a bí sínú ilé lè mọ bí àwọn bàbá wọn ti rìn nínú aginjù. Hánà mú Sámúẹ́lì lọ sí Ṣílò, ibẹ̀ ni ọmọ náà sì sùn sí nígbà tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Jésù Olúwa wa jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ó dúró lẹ́yìn ní Tẹ́ḿpìlì, tí àwọn òbí rẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta wá a.

Àwọn bàbá wa ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fi ọmọkùnrin sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, tàbí ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, tàbí àbúrò ìyá ní ìlú mìíràn, nítorí pé ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni ó ń sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Àwa tí a wà ní Ìlọrin kò sì nílò kí a rìn jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí ti ń fi ọmọ sọ́dọ̀ áfáà kí ó lè gbé ibẹ̀ kọ́ kéú. Ọmọ ìlú yìí, Ṣéèkì Ádámù Àbúdùláì Al-Ilory, dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní ọdún 1955. Àwọn ọmọ láti ọ̀nà jíjìn wá gbé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì padà di olùkọ́ fún àwọn ènìyàn wọn. Ohun tí ó dára ni ó dára, ẹni yòówù kí ó ṣe é.

Àwa Krístẹ́nì náà kò jókòó lásán. William Alexander Smith dá Boys' Brigade sílẹ̀ ní Glasgow ní ọdún 1883, ní ọdún 1886 ó sì ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ibùdó àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ń ka ìwé yìí ni ó ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà rí, tí ó sì ti fi fèrè àti ìlù jí àwọn ará àdúgbò lójú oorun. Àwọn mìíràn lọ sí ibùdó Royal Ambassadors ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, àwọn mìíràn sì lọ sí ti Scripture Union. Kódà, Man O' War tí àwọn ọmọ wa ń bá pàdé ní ibùdó àwọn agùnbánirọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ó ti wá. Kurt Hahn, ẹni tí ìdílé Júù bí ní Berlin ní ọdún 1886, sá fún Hitler, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ Gordonstoun sílẹ̀ ní Scotland ní ọdún 1934. Ní ọdún 1941, òun ni ó wà nídìí ilé-ẹ̀kọ́ Outward Bound àkọ́kọ́ ní Aberdovey ní Wales, níbi tí a ti ń fi òkun àti òkè kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ní ìfaradà. Irú ẹ̀kọ́ yẹn ni a gbé wá sí Man O' War Bay, lẹ́bàá ìlú Victoria tí a ń pè ní Limbe nísinsìnyí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nígbà tí a ṣì ń ṣàkóso apá Kamẹrúùnù yẹn pọ̀ mọ́ Nàìjíríà.

Kí ni ó wá dé bá wa? Ìsinmi ti di àkókò lẹ́sìnnì. Ọmọ tí ó jáde kúrò nínú kíláàsì ní ọjọ́ Ẹtì yóò tún wọ kíláàsì mìíràn ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ó bá sì padà dé ilé, fóònù ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí di òru. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò tíì sùn sí ibi tí òbí wọn kò sí rí títí tí wọn yóò fi wọ yunifásítì. Nínú wọn ni a sì rí àwọn tí ó jẹ́ pé Yíkpátá, ibùdó àwọn agùnbánirọ̀ ìpínlẹ̀ wa, ni ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ bá ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn sun yàrá kan, nígbà tí wọ́n ti lé ní ọmọ ogún ọdún. Ìrókò náà ti dàgbà jù láti pẹ̀ka.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí pé mo wà lára àwọn tí ó jẹ̀bi. Mo ní ọmọkùnrin kan. Láti ìgbà tí ó ti lè sọ̀rọ̀ ni mo ti ń jí i ní agogo márùn-ún fún àdúrà. Nígbà tí ìjọ bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí ibùdó, mo máa ń ní kí ó dúró tì mí, nítorí pé ọmọ pásítọ̀ ni, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà á jẹ́. Ó wọ yunifásítì ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Kò pé oṣù mẹ́ta tí kò fi dé ilé ìsìn mọ́. Nígbà tí ó di ọdún kejì, àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ yahoo ni ó ń bá gbé. Mo gbààwẹ̀, mo bínú, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ. Ọdún mẹ́ta kọjá kí ó tó padà wálé. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó dé, mo bi í léèrè ohun tí mo ṣe fún un tí kò tó. Ó ní, "Dádì, ẹ kò ṣe ohun búburú kankan fún mi. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbàdúrà rí níbi tí ẹ kò sí. Nígbà tí mo dé ọ̀hún tí kò sí ẹni tí ó jí mi, mo rò pé àdúrà ti parí nìyẹn." Mo ti wàásù fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, n kò tíì gbọ́ ìwàásù tí ó gún mi lọ́kàn tó èyí.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí yóò fi dá mi lóhùn. Èkíní, wọn yóò ní, "Pásítọ̀, nígbà tí àwọn ajínigbé ń dá ọ̀nà, ṣé àkókò yìí ni kí ọmọ lọ sùn sínú igbó?" Ẹ̀rù yẹn tọ́, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Nítorí náà ni n kò fi sọ̀rọ̀ igbó. Ilé ìbùsùn ilé-ẹ̀kọ́ wa wà ní àárín ìlú, pẹ̀lú ọgbà yíká àti ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń ṣófo ní gbogbo oṣù kẹjọ. Ohun tí ó sọ ibì kan di ibùdó ni pé ọmọ kò sí lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì wà láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ìtọ́jú ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run.

Èkejì, wọn yóò béèrè irú ẹni tí a ó fi ọmọ lé lọ́wọ́. Ìbéèrè yìí ni ó wúwo jù, Bíbélì kò sì fi bò. Ṣílò kan náà tí Sámúẹ́lì ti gbọ́ ohùn Ọlọ́run ni Hófínì àti Fíníhásì ti ń ṣe aburú, tí Élì bàbá wọn kò sì dá wọn dúró. Ilé Ọlọ́run ni, síbẹ̀ àwọn ẹni ibi wà níbẹ̀. Bí a kò bá lè fi òfin ṣọ́ àwọn ọmọ, kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ rárá. Kí a wádìí olúkúlùkù olùtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ kí a tó gbà á. Kí àgbàlagbà kan má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tí ẹlòmíràn kò ti rí wọn. Kí nọ́ọ̀sì máa gbé inú ọgbà. Kí òbí lè yọ sí wa nígbàkígbà láìfi tó ẹnikẹ́ni létí. Kí ọmọ tí ó bá fẹ́ pe ilé lè pe ilé láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í ní ìdí rẹ̀. Kí ẹ̀sùn tí ọmọ bá mú wá má sì ṣe di ohun tí a fi àdúrà bò mọ́lẹ̀. Mo jẹ́ àlùfáà, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú pé àwa ni a máa ń yára fi àdúrà bo irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni owó. Ní ti èyí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ọwọ́ yín ni mo ń wò. Bí ẹgbẹ́ ọdún kọ̀ọ̀kan bá gba ẹrù ọmọ márùn-ún péré, ọmọ opó àti ọmọ ọlọ́kadà yóò lè jókòó sí tábìlì kan náà pẹ̀lú ọmọ dókítà. Àwọn Júù New York kò dá ibùdó 1902 sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́rọ̀. Ọmọ aránṣọ àti ọmọ alátẹ ni wọ́n rò.

Ohun tí mo ń dábàá kò le. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ní oṣù kẹjọ. Kí fóònù dúró sí ilé. Kí lẹ́sìnnì má ṣe wọ inú rẹ̀ rárá. Kí ọmọ kọ́ bí a ti ń fọ aṣọ, bí a ti ń se ẹ̀bà àti ọbẹ̀ fún ogún ènìyàn, bí a ti ń gbin nǹkan. Kí a mú wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dàda àti sọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ ìlú yìí, kí wọ́n mọ̀ pé ìlú tí wọ́n ń gbé ní ọgbọ́n lọ́wọ́. Kí a mú wọn lọ wo àwọn ère òkúta ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́. Lálẹ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wá sọ ìtàn ayé wọn, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti borí nìkan, bí kò ṣe èyí tí ó ti borí wọn pẹ̀lú. Ní òwúrọ̀, kí a fi agogo kan sílẹ̀ fún àdúrà, kí olùtọ́jú má sì jí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fúnra rẹ̀ jí, kí ó wá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, wọn kò ní pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ní sùúrù títí di ọjọ́ kẹwàá.

Àwọn kan yóò béèrè pé àwọn ọmọbìnrin ń kọ́? Ó tọ́ sí àwọn náà, mo sì rọ àwọn arábìnrin wa láti kọ tiwọn sí ìwé ọdún tí ń bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọkùnrin nítorí pé, nínú ìjọ tí mo ti ṣiṣẹ́, àga tiwọn ni mo ń rí tí ó kọ́kọ́ ń ṣófo. Ní ti àwọn ọmọ Mùsùlùmí tí ó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa, a kò ní fi tipá mú ẹnikẹ́ni. Ti ọmọ tí òbí rẹ̀ bá fẹ́ ẹ ni.

Ẹ̀yin òbí, n kò tíì gbàgbé omijé ìyá Júù yẹn ní iwájú ilé rẹ̀. Ó sunkún, ó sì ti ìdérí àpótí náà pa. Mo gbà pé ó mọ ohun tí Hánà mọ̀ nígbà tí ó ń rán aṣọ kékeré lọ́dọọdún fún ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, pé ọmọ tí a kò bá lè jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a ṣì wà láàyè láti máa bójú tó o, yóò lọ ní ọjọ́ kan láìsí ohun tí yóò mú dání. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ gbọ̀ngàn náà. Ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ kànga náà. Ṣùgbọ́n kí a tó kun ẹnu ọ̀nà tuntun ní ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí a ṣí ilé ìbùsùn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí Ọlọ́run tí ó pe Sámúẹ́lì lóru pe àwọn ọmọ wa pẹ̀lú, kí ó sì jẹ́ pé orúkọ tiwọn gan-an ni wọn yóò gbọ́. Àmín.